Alárinà Tí Kì í Kúrò: Èdè Kọ̀ǹpútà Wo Ni Ká Fi So Ètò Iṣẹ́ Àtijọ́ Mọ́ Ayélujára?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a gbé kalẹ̀ níwájú àwọn oníléeṣẹ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Igbóbì, ní Ìpínlẹ̀ Èkó

   

Àkòrí tí ẹ fún mi ni bí ilé iṣẹ́ ṣe lè yan èdè kọ̀ǹpútà tí yóò fi so ètò àtijọ́ rẹ̀ mọ́ àwọn iṣẹ́ orí ayélujára. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn dẹfẹ́lọ́pà nìkan ni. Ṣùgbọ́n owó ẹni tó ń tà wà nínú rẹ̀, gbèsè ẹni tó ń rà wà níbẹ̀, orúkọ wa àti owó orí wa náà wà níbẹ̀. Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ẹ má ṣe mú èdè kan torí pé òun ló wà lóde. Ẹ wo ohun tí ètò àtijọ́ yín lè gbà, ẹ wo bí èdè náà ṣe ń ka owó, lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹni tí yóò wà nílẹ̀ láti tún un ṣe ní ọdún 10 sí i. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló wúwo jù lójú tèmi.

Àdúgbò tí àtijọ́ àti tuntun ti ń gbé pọ̀

Ẹ wo ibi tí a wà. Láti ọdún 1932 ni Igbóbì College ti wà, nígbà tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Áńgílíkà pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀. Ilé ìwòsàn egungun tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní Igbóbì bẹ̀rẹ̀ ní 1945 gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì. Ẹ kọjá sí Ṣómólú, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kí yín: káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, páálí oògùn, ìwé ètò ìsìnkú. Ẹ yíjú sí Yábàá, ibẹ̀ ni Co-Creation Hub, ibùdó àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010. Ibẹ̀ náà ni Andela, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ tó sì kọ́ wọn níṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú dé ìdí tábìlì àwọn ọ̀dọ́ Yábàá, ẹsẹ̀ lè rìn ín. Síbẹ̀, kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́yìnkùlé ilé ìtẹ̀wé àti èyí tó wà lórí tábìlì àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn ya àwòrán ilé ìtẹ̀wé kan. Kọ̀ǹpútà akáǹtì wà ní yàrá ẹ̀yìn, wọ́n fi aṣọ bò ó nítorí eruku bébà. Ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, Visual Basic 6 (VB6) ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè tí Microsoft gbé jáde ní 1998, inú fáìlì Access ló sì ń kó ìṣirò pamọ́ sí. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ sí Kánádà. Akáǹtì mọ bọ́tìnì tí yóò tẹ̀ láìwo ojú kíbọ́ọ̀dù. Nínú fáìlì kan ṣoṣo yẹn ni iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ wà, iye bébà tó kù ní ilé ìkẹ́rù, àti iye tí a dá fún ilé ìwé kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ọ̀dọ́ kan wọlé, ó wò ó, ó ní, «Ẹ jù ú nù, mo máa kọ tuntun fún yín.»

Ẹ má gbà fún un kíákíá. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tó dà bí àkísà nínú ètò àtijọ́, ìrírí ni púpọ̀ nínú rẹ̀: ẹ̀dínwó tí a ń fún ìjọ kan, ìdí tí a fi ń yọ owó gígé bébà kúrò nínú iṣẹ́ kan tí a sì ń fi kún òmíràn. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé. Inú ètò náà nìkan ló wà.

Àwọn tó tóbi jù wá lọ ti fojú rí i. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, báǹkì TSB ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó gbogbo oníbàárà rẹ̀ lọ sórí ètò tuntun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mílíọ̀nù 1.9 oníbàárà ni kò lè wọ inú àkáǹtì wọn, nígbà tó sì di oṣù kejìlá ọdún 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 48.65 pọ́n-ùn lé báǹkì náà lórí. Nílé níbí, ẹ rántí ìdajì kejì ọdún 2024, nígbà tí àwọn báǹkì ńlá bíi GTBank, Zenith àti Sterling pààrọ̀ ètò tí gbogbo iṣẹ́ wọn dúró lé, tí àwọn ènìyàn sì ń pariwo pé owó àwọn há. Báǹkì lágbára láti fara da irú ìyẹn. Ilé ìtẹ̀wé tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 15 kò lè fara dà á. Ohun a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ jẹ́ kí ètò àtijọ́ dúró, kí ẹ wá alárinà fún un.

Alárinà ni mo ń pe ètò kékeré tó dúró láàárín: ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ètò àtijọ́, ó ń sọ ọ́ fún ayélujára lọ́nà tí ayélujára gbà, ó sì ń mú èsì padà wá. Nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, bí ojú bá ti mọ ojú, alárinà á yẹra. Èyí tí mò ń sọ yìí kì í kúrò. Ní ọjọ́ tó bá kúrò, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí orí rẹ̀ ni mo gbé ìdájọ́ mi kà.

Ìdí tí a kò fi lè sún un síwájú mọ́

Nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ lè jókòó síta ayélujára kí ó máa tà, kí ó máa rà. Báǹkì ló kọ́kọ́ já ilẹ̀kùn náà. Ètò NIP ti NIBSS, ilé iṣẹ́ tó so àwọn báǹkì pọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2011, owó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti báǹkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Ní 2014, BVN dé, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì onídíjíìtì 11 tó so orúkọ ẹni mọ́ ojú àti ìka ọwọ́ rẹ̀. Ní 2015 ni Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá Paystack sílẹ̀, tí ilé ìtajà kékeré fi lè gba owó lórí ayélujára. Oníbàárà tó ti sanwó ní aago méjì kò fẹ́ gbọ́ pé akáǹtì kò tíì rí i títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wàyí o, ìjọba ti wọlé sí i. FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gbé ètò ínfọ́ìsì orí ayélujára kalẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ilé iṣẹ́ tí owó ìtajà wọn tó bílíọ̀nù 5 náírà lọ́dún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2025, kí wọ́n tó sún gbèdéke náà sí ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà ni ààrẹ ti buwọ́ lu àwọn òfin owó orí tuntun, èyí tó sọ FIRS di Nigeria Revenue Service láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Lábẹ́ ètò yìí, ínfọ́ìsì kì í ṣe bébà tí a tẹ̀ tí a sì fi sítáǹbù lù mọ́. Ó di ìsọfúnni tí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ìjọba, tí ìyẹn yẹ̀ ẹ́ wò, tó sì wá ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú àmì QR tí ènìyàn lè fi fóònù wò.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò súnmọ́ bílíọ̀nù 5. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ń bá ṣiṣẹ́? Ẹni tó ń tẹ páálí oògùn, ilé iṣẹ́ oògùn ńlá ló ń tà á fún. Ẹni tó ń tẹ ìwé ọdọọdún, báǹkì ló ń san owó rẹ̀. Bí ètò àwọn wọ̀nyí bá ti wà lórí ayélujára, wọn yóò béèrè pé kí ínfọ́ìsì tiyín náà gba ibẹ̀ wọlé, bí òfin kò bá tilẹ̀ tíì kàn yín.

Ohun tí ètò àtijọ́ lè gbà

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe ni pé èdè ni wọ́n kọ́kọ́ ń yàn. Wọ́n á ní Python ló dùn, tàbí Go ló yára. Kí ẹ tó dárúkọ èdè kankan, ẹ lọ jókòó sídìí ètò àtijọ́ kí ẹ bi í ní ìbéèrè mélòó kan. Ibo ló ń kó ìṣirò rẹ̀ sí? Ọ̀nà wo ló wà láti wọlé tọ̀ ọ́? Ṣé ó lè kọ fáìlì jáde? Ṣé ó lè ka fáìlì wọlé?

Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan wá tí yóò yé àwọn dẹfẹ́lọ́pà, tí yóò sì yé ẹni tí kì í ṣe dẹfẹ́lọ́pà. Fáìlì Access àtijọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí «mdb», ní irinṣẹ́ tí Microsoft ṣe fún kíkà á, Jet ni wọ́n ń pè é. Inú ètò bíìtì 32 nìkan ni Jet ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá kọ alárinà yín ní bíìtì 64, bí gbogbo kọ̀ǹpútà òde òní ṣe máa ń fẹ́ kó rí, kò ní lè gbé Jet wọlé rárá. Ẹ lè fi Python kọ ọ́, ẹ lè fi C# kọ ọ́, àbájáde kan náà ni. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n pààrọ̀ èdè nítorí àṣìṣe yìí, tí wọ́n rò pé èdè ni kò dára, nígbà tó jẹ́ pé kí wọ́n kàn kọ alárinà náà ní bíìtì 32, tàbí kí wọ́n fi ACE, irinṣẹ́ Microsoft tó jẹ́ bíìtì 64, rọ́pò Jet, ì bá ti parí rẹ̀. Àwọn tó ń lo FoxPro, ètò ìkó-ìṣirò-pamọ́ mìíràn ti Microsoft, tí ẹ̀dà ìkẹyìn rẹ̀ jáde ní 2004 tí Microsoft sì ṣíwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2015, yóò bá irú ìṣòro yìí pàdé pẹ̀lú irinṣẹ́ tirẹ̀. Inú wọn tilẹ̀ lè dùn ju ti oní-Access lọ, nítorí fáìlì DBF tí FoxPro ń lò rọrùn láti kà, Python sì ní irinṣẹ́ tó ń kà á láìlo ohunkóhun láti ọwọ́ Microsoft.

Ẹnìkan á béèrè pé, kí ló dé tí ètò àtijọ́ fúnra rẹ̀ kò lọ bá ayélujára sọ̀rọ̀? Ààbò ni ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń lọ lórí ayélujára, a máa ń fi ìlànà tí à ń pè ní TLS dì í kí olè má bàa kà á. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn tó ń ṣe àkóso ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kéde pé ẹ̀dà 1.0 àti 1.1 ti kú. Báǹkì kò gbà wọ́n mọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà tó ṣì wà lórí Windows XP, tí Microsoft ti pa tì láti oṣù kẹrin ọdún 2014, kò mọ ẹ̀dà 1.2 tí wọ́n ń béèrè. Ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò bá a mu mọ́. Alárinà tó wà lórí kọ̀ǹpútà tuntun lè ṣí i fún un.

Bí ètò àtijọ́ kò bá gbà kí ẹnikẹ́ni wọ inú ìṣirò rẹ̀, tó sì jẹ́ fáìlì nìkan ló lè kọ jáde, ẹ fara mọ́ fáìlì náà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ètò àtijọ́ máa kọ fáìlì sínú fódà kan, kí alárinà máa gbé e níbẹ̀. Fáìlì ni báǹkì fi ń bá ara wọn ṣe ìṣirò kí NIP tó dé.

Èdè àti kọ́bọ̀

Ọ̀rọ̀ owó ni n ó dúró lé jù, nítorí ibẹ̀ ni èdè kan ti yàtọ̀ sí èkejì ní tòótọ́.

Ẹ lọ sínú JavaScript, ẹ ní kó fi 0.1 kún 0.2. Yóò dá yín lóhùn pé 0.30000000000000004. Kì í ṣe JavaScript nìkan. Python ń ṣe bẹ́ẹ̀, Java àti C# náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá lo irú nọ́ńbà kan náà, nítorí ìlànà méjì-méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń ka nọ́ńbà, ìdá kan nínú mẹ́wàá kò sì ní ìparí nínú ìlànà yẹn. Ìyàtọ̀ wọn ni pé C# ní irú nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣe fún owó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ń jẹ́ «decimal». Java ní BigDecimal. Python ní decimal tirẹ̀ bí ẹ bá rántí pè é. JavaScript kò ní irú rẹ̀ nínú ara rẹ̀, àfi kí ẹ lọ yá a níbòmíràn, tàbí kí ẹ máa ka gbogbo owó ní kọ́bọ̀ láìsí àmì tó ń pín náírà àti kọ́bọ̀ níyà, ìyẹn sì ni mo fọwọ́ sí fún ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó.

Kíka owó ní kọ́bọ̀ kì í ṣe àrà. Ìlànà ISO 8583 tí ATM àti POS fi ń bá báǹkì sọ̀rọ̀ láti 1987 ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀: ibi kẹrin nínú ìròyìn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ ń gba díjíìtì 12, 1,500 náírà sì máa ń wọ ibẹ̀ ní 000000150000. Kò sí àmì ìpín kankan níbẹ̀ rárá. Nínú ìròyìn yẹn kan náà ni ibi 39 wà, tí èsì ń wà: 00 ni pé owó ti lọ, 51 ni pé owó kò tó, 91 sì ni pé báǹkì tó ni káàdì kò dáhùn. Gbogbo wa la ti rí 91 yẹn lójú POS rí, tí oníPOS yóò sì ní kí a tún fi káàdì wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá wo VAT, owó orí tí a ń fi kún iye ọjà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020, ìdá 7.5 nínú 100 ni. Ẹ mú ọjà 1,999 náírà. VAT rẹ̀ jẹ́ 149.925. Kọ́bọ̀ mélòó? Akáǹtì tó kọ́ ìṣirò nílé ìwé yóò sọ pé 149.93. Ẹ fún Math.Round ti C# ní nọ́ńbà yẹn kan náà, yóò ní 149.92, nítorí nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ni ó máa ń sún mọ́ bí ó bá bọ́ sáàárín gẹ́lẹ́. COBOL, bí ẹ kò bá sọ fún un pé kó sún un sókè, ńṣe ni yóò gé ìyókù sọnù. BigDecimal ti Java kò ní dákẹ́: bí nọ́ńbà bá ní ìyókù tí ẹ kò sì sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kó sún un, yóò kọ̀ ọ́, yóò dá iṣẹ́ dúró. Inú mi dùn sí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn. Èdè tó bá fi agbára mú dẹfẹ́lọ́pà láti pinnu, tí kò pinnu fún un ní ìkọ̀kọ̀, ló yẹ fún owó olówó.

Kọ́bọ̀ kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ètò àtijọ́ yín bá sọ pé àpapọ̀ jẹ́ iye kan, tí alárinà tún un ṣírò tó sì ní kọ́bọ̀ kan yàtọ̀, kọ̀ǹpútà ìjọba lè kọ ínfọ́ìsì náà, akáǹtì yóò sì lo gbogbo ọ̀sán láti wá kọ́bọ̀ kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí alárinà tún owó ṣírò bí ètò àtijọ́ bá ti ṣírò rẹ̀. Kó gbé e bí ó ṣe rí.

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú COBOL tí mo dárúkọ yẹn. Ní 1959 ni ìgbìmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Grace Hopper sì wà lára ohun tí wọ́n gbé e kà. Kọ́bọ̀ kì í sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláìníṣẹ́, gómìnà ìpínlẹ̀ New Jersey jáde, ó ń bẹ àwọn tó mọ COBOL pé kí wọ́n wá ran ìpínlẹ̀ náà lọ́wọ́, nítorí ètò owó ìrànwọ́ àwọn aláìníṣẹ́ wà lórí rẹ̀. Ètò náà kò tíì kú nígbà yẹn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ló ti fẹ̀yìn tì.

Orúkọ wa

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ní tààrà, ó sì ń dùn mí. Ètò àtijọ́ púpọ̀ ni kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Lẹ́tà tí Windows àtijọ́ fi ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa gba é àti á, kò gba ọ àti ṣ. Bí alárinà bá gba orúkọ Adéṣọlá láti ayélujára tó sì kàn sọ ọ́ sínú ètò VB6, ohun tí akáǹtì yóò rí ni «Adé??lá». Bí orúkọ yẹn bá padà lọ sí báǹkì láti bá BVN mu, kò ní bá a mu láéláé.

Ó tún kù. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà òde òní fi ń kọ lẹ́tà, ọ lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ o tí a fi àmì ìsàlẹ̀ sí lábẹ́ lẹ́yìn tí a kọ ọ́ tán. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, yóò sì sọ pé ènìyàn méjì ni. Java, C#, Python àti JavaScript ló ní ọ̀nà tí a fi ń sọ méjèèjì di ọ̀kan, PHP náà ní i bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ intl sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ba orúkọ yín jẹ́, kó má fi èdè kankan ṣe àwáwí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí alárinà fi orúkọ pamọ́ bí ó ṣe dé gẹ́lẹ́, kó wá ṣe ẹ̀dà aláìlámì fún ètò àtijọ́ tí kò lè gbà á. Kó má ṣe pa ojúlówó rẹ̀ rẹ́.

Bí iná bá lọ

Iná yóò lọ, nẹ́tíwọọ̀kì yóò já, èyí kì í ṣe ìròyìn fún ẹnikẹ́ni ní Bàrígà. Bí alárinà bá ti fi owó ránṣẹ́ tí iná sì lọ kí èsì tó dé, kí ni yóò ṣe nígbà tí iná bá padà? Bí ó bá tún un fi ránṣẹ́ bíi tuntun, oníbàárà ti san ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. NIP ń fún owó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ gígùn, èyí tí báǹkì máa ń béèrè lọ́wọ́ yín bí owó bá há. Kí alárinà yín náà fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́, kó kọ ọ́ sórí dísíìkì, kó sì fi nọ́ńbà kan náà béèrè pé «ṣé ó dé?» kó tó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì. Gbogbo èdè tí mo ti dárúkọ ló lè ṣe é.

Ta ni yóò wà nílẹ̀?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ẹ pè mí láti wá sọ tèmi, n kò sì ní fi yín sílẹ̀ sí oríta.

Bí ètò àtijọ́ yín bá jẹ́ ti Windows, bíi VB6, Access tàbí àwọn ètò ìṣirò tí púpọ̀ nínú ilé ìtẹ̀wé ń lò, mo yan C#. Ilé kan náà ló ti wá, ó mọ irinṣẹ́ àtijọ́ Microsoft ju èdè mìíràn lọ, ó ní «decimal» fún owó, ó sì lè jókòó bí iṣẹ́ abẹ́nú Windows tí yóò máa ṣiṣẹ́ bí akáǹtì kò bá tilẹ̀ sí nílé. Bí ẹ bá ní ohun tó kan káàdì àti ISO 8583, Java ni, nítorí láti ọdún pípẹ́ ni àwọn irinṣẹ́ bíi jPOS ti wà nínú rẹ̀. Python dára fún kíka fáìlì àti fún ìgbà tí ẹ ṣì ń wádìí ohun tó wà nínú ètò àtijọ́, n ó sì gba ilé iṣẹ́ kékeré tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fáìlì níyànjú láti dúró síbẹ̀. Ẹ kàn rántí bí Python 2 ṣe kú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 tí ọ̀pọ̀ ètò sì di aláìní olùtọ́jú. PHP pọ̀ ní àdúgbò wa, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò wọ́n, kò sì burú fún ilé ìtajà tó kàn fẹ́ gba ìròyìn owó láti Paystack. Go dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé, bí ọmọ tó mọ Go bá jápa lọ́la, ta ni ẹ ó pè?

Ibẹ̀ ni mo ń lọ láti òwúrọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń lọ, a kò sì lè dá wọn dúró. Ẹni tó ń kọ alárinà fún yín lónìí lè wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí ọdún méjì tó pé. Nítorí náà, bí èdè méjì bá lè ṣe iṣẹ́ náà, ẹ mú èyí tí ènìyàn mẹ́ta mọ̀ láàárín Fádéyí àti Akọ́kà, kódà bí èkejì bá dára jù ú lọ díẹ̀. Kí ẹ sì béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ dẹfẹ́lọ́pà kí ẹ tó san owó ìkẹyìn fún un: kóòdù tó fi kọ ètò náà pátápátá, èyí tí yóò wà lọ́wọ́ yín kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan; àlàyé ojú ewé kan tí ẹlòmíràn lè kà kó sì tún un gbé dìde lórí kọ̀ǹpútà tuntun; àti gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé tó lò. Bí kò bá ní wọn, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, mo bẹ̀ yín. Ẹ lọ kọ́ èdè tuntun, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ wá ọ̀nà wọ yàrá ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, kí ẹ jókòó ti akáǹtì, kí ẹ wo bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà yín. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ní sùúrù, owó sì wà nínú rẹ̀.

   Àkókò ìbéèrè ti tó báyìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn akáǹtì kọ́kọ́ béèrè ná.